Ẹ̀jẹ̀ Norbert Zongo Kò Tíì Gbẹ

Nígbàkúùgbà tí a bá pa ènìyàn kan nítorí òtítọ́, tí ọdún sì ń gorí ọdún láìsí ẹni tí a dá lẹ́bi, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tí ó wà lórí àga ìjọba máa ń sọ fún ìlú. Wọ́n á ní ọ̀ràn náà ta kókó. Wọ́n á ní ìwádìí ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n á ní kí àwọn ènìyàn fi sùúrù sí i. Ìlú a sì máa gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìlú fẹ́ràn àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ìtàn Norbert Zongo, akọ̀ròyìn ilẹ̀ Burkina Faso tí a pa ní ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún 1998, yóò rí i gbangba pé irọ́ ni púpọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀ràn náà kò ta kókó fúnra rẹ̀. Àwọn alágbára ni wọ́n ta á ní kókó, tí wọ́n sì jókòó lé okùn náà kí ẹnikẹ́ni má baà tú u.

Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Ìlọrin bá béèrè pé kí ni ikú ọkùnrin kan ní Burkina Faso fi kan òun, kí ó rántí ohun tí àwọn àgbà wí: pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ọ̀nà tí wọ́n gbà bo ọ̀ràn Zongo mọ́lẹ̀ náà ni wọ́n gbà ń bo irú rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà àti ní Gánà. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó bá ń wá ìjọba láìmọ ibi tí ọ̀nà náà gbà, lọ́jọ́ tí ó bá dé orí àga, òun náà yóò tọ̀ ọ́.

ẸNI TÍ ZONGO Í ṢE

Ìlú Koudougou ni a ti bí Norbert Zongo ní ọdún 1949. Ó kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní Lomé, olú-ìlú Tógò, ó sì tún kọ́ ọ ní Yaoundé ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ní ọdún 1993 ó dá ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ ní Ouagadougou, ó sì sọ ọ́ ní L'Indépendant, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó dá dúró, tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Henri Sebgo ni orúkọ tí ó fi ń kọ̀wé nínú rẹ̀. Orúkọ tí ó fún ìwé ìròyìn náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ó ń kọ̀wé nípa owó ìlú tí àwọn aláṣẹ ń kó jẹ, nípa àwọn tí ó fi ipò sọ ara wọn di ọlọ́rọ̀, àti nípa agbára tí kò ní ìjánu.

Ní àkókò náà, Blaise Compaoré ti wà lórí àga láti ọdún 1987, lẹ́yìn ìdìtẹ̀ tí a fi pa Thomas Sankara. François Compaoré, àbúrò rẹ̀, jẹ́ olùdámọ̀ràn ní ààfin rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣọ́ ààrẹ, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ogun yòókù pàápàá ń bẹ̀rù. Ibi tí agbára bá ti kó jọ sí ilé kan ṣoṣo báyìí, ẹni tí ó bá ń gbé fìtílà wọ ilé náà ń fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu. Zongo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì gbé fìtílà náà wọlé.

IKÚ DÍRẸ́BÀ KAN

Ohun tí ó mú ikú wá bá Zongo kò tó nǹkan ní ojú àwọn tí ó ń ka ara wọn sí ẹni ńlá. Ọ̀ràn dírẹ́bà ni. David Ouédraogo ni orúkọ dírẹ́bà náà, François Compaoré, àbúrò ààrẹ, ni ó sì ń wa ọkọ̀ fún. Wọ́n ní owó sọnù nínú ilé ọ̀gá rẹ̀. Bí owó bá sọnù nínú ilé ẹnikẹ́ni, ọlọ́pàá ni a ń pè, adájọ́ ni ó sì ń gbọ́ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun ẹ̀ṣọ́ ààrẹ ni wọ́n gbá dírẹ́bà yìí mú. Wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́ títí, ó sì kú sí wọn lọ́wọ́ ní oṣù Kìíní, ọdún 1998.

Kí olùkàwé dúró díẹ̀ níhìn-ín, kí ó rò ó wò. Púpọ̀ ènìyàn gbà pé ìwà ìbàjẹ́ ni kí olóyè kó owó ìlú sápò, pé òun náà ni kí akọ̀wé gba rìbá kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó ìlú ni a fi ń san owó oṣù ọmọ ogun. Owó ìlú ni a fi ra ìbọn rẹ̀ àti aṣọ tí ó wọ̀. Nígbà tí irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ bá wá di ìránṣẹ́ ilé ẹnìkan, tí wọ́n ń rán an kí ó lọ mú ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ fura sí, a ti jí ohun tí ó ju owó lọ gbé. A ti jí ìjọba fúnra rẹ̀ gbé. Ohun tí Zongo rí nìyẹn. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá lè pa dírẹ́bà nítorí owó ilé, kí ó sì lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí ohun tí kò lè ṣe sí owó gbogbo ìlú.

Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni ó fi ń tọpa ọ̀ràn náà nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ó ń béèrè ẹni tí ó pàṣẹ, ó ń béèrè ibi tí wọ́n ti pa á, ó sì ń béèrè ìdí tí àwọn tí a fura sí kò fi dé iwájú adájọ́. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn. Kò dákẹ́. Ọdún náà kò sì tíì parí tí òun fúnra rẹ̀ fi kú.

ỌJỌ́ ÀÌKÚ NÍ SAPOUY

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún 1998, Zongo gbéra kúrò ní Ouagadougou, ó kọrí sí ìhà gúúsù. Nítòsí Sapouy, ìlú tí ó fi nǹkan bí 100 kìlómítà jìnnà sí olú-ìlú, wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì dáná sun ún. Ènìyàn mẹ́rin ni ó ṣègbé níbẹ̀. Norbert Zongo ni àkọ́kọ́. Èkejì ni Ernest Zongo, arákùnrin rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Abdoulaye Nikiema, tí wọ́n ń pè ní Ablassé, awakọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni Blaise Ilboudo. Dírẹ́bà kan ni ọ̀ràn náà fi bẹ̀rẹ̀, dírẹ́bà mìíràn sì wà nínú àwọn tí ó bá a lọ. Ó yẹ kí a máa dárúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀, nítorí pé ọta ìbọn kò yan olókìkí sọ́tọ̀ kúrò lára aláìlórúkọ, kò sì yẹ kí ìrántí yà wọ́n.

Ìlú dìde. Láti Ouagadougou dé Koudougou, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn òṣìṣẹ́, àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn ìyá ọlọ́jà jáde sí ìgboro, igbe kan náà sì wà lẹ́nu gbogbo wọn: ó tó, ó ti pọ̀ jù. Nítorí igbe yìí ni ìjọba ṣe gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Bí kò bá sí igbe náà, bóyá ni ìgbìmọ̀ kankan ìbá fi jókòó.

ÌGBÌMỌ̀ SỌ̀RỌ̀, ILÉ ẸJỌ́ DÁKẸ́

Níhìn-ín ni irọ́ àwọn tí ó ní ọ̀ràn náà ta kókó ti fara hàn. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1999, kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n pa Zongo, ìgbìmọ̀ náà gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ó sọ pé nítorí iṣẹ́ ìròyìn tí Zongo ń ṣe ni wọ́n ṣe pa á. Ó sì tọ́ka sí mẹ́fà nínú àwọn ọmọ ogun ẹ̀ṣọ́ ààrẹ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a gbọ́dọ̀ fura sí gidigidi. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ni ó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá ìjọba, kì í sì í ṣe àjèjì.

Kí ni ó tẹ̀lé e? Nínú àwọn mẹ́fà, ẹnìkan péré ni wọ́n ka ẹ̀sùn sí lọ́rùn, ìyẹn Marcel Kafando, ní ọdún 2001. Ọkùnrin yìí kan náà ni ilé ẹjọ́ ológun ti rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ogún ọdún ní ọdún 2000 nítorí ikú David Ouédraogo. Ní oṣù Keje, ọdún 2006, adájọ́ olùwádìí sọ pé ẹ̀rí kò tó, ó sì pa ẹjọ́ Zongo tì. Kafando kú ní ọdún 2009 láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ kan sọ bóyá ó jẹ̀bi ikú Zongo tàbí kò jẹ̀bi. Àwọn márùn-ún yòókù ńkọ́? Ní gbogbo ọdún tí Compaoré ṣẹ́kù lórí àga, kò sí ẹni tí ó pe ọ̀kankan nínú wọn wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú adájọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba tí ó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ mínísítà, tí mínísítà ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ààrẹ, kò lè wádìí àwọn tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ààrẹ. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ olódodo, ìbọn wà níwájú rẹ̀, ìwé ìdádúró iṣẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àìsí ẹ̀rí ṣe àwáwí. Ẹ̀rí kì í rìn wá sí ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀. A máa ń wá a ni, ẹni tí a rán láti wá a ni wọ́n sì dè lọ́wọ́.

OHUN TÍ ILÉ ẸJỌ́ ARUSHA WÍ

Nígbà tí ilé ẹjọ́ ti ìlú wọn kọ̀ wọ́n, àwọn ẹbí òkú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ti Burkina Faso gbé ọ̀ràn náà lọ sí Arusha ní ilẹ̀ Tanzania, níwájú Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn àti ti Àwọn Ènìyàn. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ọdún 2014, ilé ẹjọ́ náà dá ìjọba Burkina Faso lẹ́bi. Ó ní ìjọba náà kò sa gbogbo ipá tí ó yẹ láti wá àwọn apànìyàn rí, láti mú wọn àti láti ṣe ìdájọ́ wọn.

Ilé ẹjọ́ náà kò dúró síbẹ̀. Ó fi kún un pé bí ìjọba kò bá wá ẹni tí ó pa akọ̀ròyìn rí, ó ti tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lójú, nítorí pé ẹ̀rù yóò ba àwọn akọ̀ròyìn yòókù. Ó tọ́ka sí àdéhùn ECOWAS tí a tún ṣe ní ọdún 1993, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ṣèlérí ní abala 66 pé àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ àwọn akọ̀ròyìn. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn náà, Àbújá sì ni olú ilé iṣẹ́ ECOWAS wà. Burkina Faso ti kúrò nínú ECOWAS ní oṣù Kìíní, ọdún 2025, ṣùgbọ́n Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ìlérí tí a fi dá ẹlòmíràn lẹ́bi, ìlérí Nàìjíríà náà ni.

Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2015, ilé ẹjọ́ yìí kan náà pàṣẹ kí ìjọba san mílíọ̀nù 25 owó sẹ́fà fún opó kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 15 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan àti mílíọ̀nù 10 fún bàbá tàbí ìyá kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tún ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Ó dára kí a tu ẹbí òkú nínú. Ṣùgbọ́n kí olùkàwé ṣe ìṣirò ẹni tí ó ń san owó náà. Àpò ìjọba ni ó ti ń jáde, iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó gbin òwú àti ti obìnrin tí ó ń ta bàbà lọ́jà ni ó sì ń kún àpò náà. Apànìyàn kò san kọ́bọ̀. Ìlú tí kò bá mú apànìyàn, ìlú ni yóò máa bá a san owó ẹ̀jẹ̀.

ÀÀRẸ SÁ LỌ, ẸJỌ́ KÒ PARÍ

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹwàá, ọdún 2014, nígbà tí Compaoré fẹ́ yí ìwé òfin padà kí ó lè tún díje, àwọn ọmọ ìlú ya bo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì dáná sun ún. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tí ó ti fi ọdún 27 ṣèjọba sá lọ sí Côte d'Ivoire. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2015, wọ́n ka ẹ̀sùn ikú Zongo sí àwọn ọmọ ogun ẹ̀ṣọ́ ààrẹ àtijọ́ mẹ́ta lọ́rùn. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2017, wọ́n mú François Compaoré ní pápákọ̀ òfúrufú ní Paris, nítorí ìwé àṣẹ ìmúni tí ilẹ̀ rẹ̀ fi ránṣẹ́. Ó ní òun kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ilé ẹjọ́ kankan kò sì tíì dá a lẹ́bi ikú Zongo.

Ìjọba Faransé gbà láti fà á lé Burkina Faso lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, àwọn ológun gbàjọba ní Ouagadougou ní oṣù Kìíní, ọdún 2022, àwọn ológun mìíràn sì tún gbà á lọ́wọ́ wọn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn sọ pé ìjọba tí ó ṣèlérí pé ìyà kò ní jẹ ọkùnrin náà kò sí mọ́, àti pé bí Faransé bá fi í ránṣẹ́ láìtún ìlérí náà yẹ̀ wò, ó ti tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú. Ibẹ̀ ni ìrìn àjò náà ti pin.

Ẹ kò rí i bí ìwà agbára ṣe ń gbẹ̀san lára òdodo! Ìjọba kan lo ìbọn láti pa ẹjọ́ mọ́lẹ̀. Ìjọba mìíràn fi ìbọn wọlé, ìbọn náà sì ni kò jẹ́ kí ẹni tí a pè lẹ́jọ́ lè wá jẹ́jọ́. Àwọn ológun tí ó wà lórí àga nísinsìnyí pẹ̀lú kò fẹ́ràn kí a béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn: ní oṣù Kẹta, ọdún 2025, wọ́n mú àwọn olórí ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn ilẹ̀ náà, wọ́n sì tú ẹgbẹ́ náà ká. Láti ọdún 2017 ni wọ́n ti sọ yunifásítì Koudougou ní orúkọ Norbert Zongo. Ó rọrùn láti kọ orúkọ òkú sí ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ó ṣòro fún àwọn alágbára ni láti kọ orúkọ ẹni tí ó pa á sí ìwé ìdájọ́.

ÀWỌN ÀWÁWÍ TÍ A TI GBỌ́ SÚ

Àwáwí kìíní ni pé ọ̀ràn náà ti pẹ́ jù. Irọ́ ni. Ọdún 1987 ni wọ́n pa Thomas Sankara, ọdún 1998 ni wọ́n pa Zongo. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ológun ní Ouagadougou dá Blaise Compaoré lẹ́bi ikú Sankara láìsí níbẹ̀, ó sì dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un. Ọ̀ràn tí ó fi ọdún mọ́kànlá dàgbà ju ti Zongo ti rí ìdájọ́. Kì í ṣe ọjọ́ ni ó ń pa ẹjọ́. Ọwọ́ ènìyàn ni.

Àwáwí kejì ni pé akọ̀ròyìn náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ikú. Àwọn tí ó ń sọ báyìí ni àwọn àgbà ń bá wí nígbà tí wọ́n ní ẹni tí ó bá mọ ìṣe òkùnkùn kí ó má ṣe dá òṣùpá lóró. Ní Gánà, Ahmed Hussein-Suale wà lára àwọn tí ó ṣe fíìmù tí ó tú àṣírí rìbá nínú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà ní oṣù Kẹfà, ọdún 2018. Ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù fi ipò sílẹ̀. Aṣòfin kan gbé àwòrán Hussein-Suale jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ní kí wọ́n lù ú bí wọ́n bá rí i. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ọdún 2019, wọ́n yìnbọn pa á nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Madina, nínú Accra. Aṣòfin náà ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹni tí ó yìnbọn nìkan kọ́ ni ó yẹ kí ìlú máa wá. Kí ìlú tún béèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ sọ fún ayé pé ẹ̀jẹ̀ akọ̀ròyìn kò já mọ́ nǹkan kan.

Àwáwí kẹta ni pé ìwádìí yóò dá ìlú rú. Kí ni ó dá Burkina Faso rú, ìwádìí ni tàbí àìṣe ìwádìí? Ọdún mẹ́rìndínlógún ni àwọn ènìyàn fi mú ìbínú ikú Zongo sínú kí iná tó jó ilé aṣòfin. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

NÍLÉ ŃKỌ́?

Kí ọmọ Yorùbá má tíì na ìka sí ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ Àìkú kan pẹ̀lú, ọjọ́ 19, oṣù Kẹwàá, ọdún 1986, wọ́n gbé ẹrù kan wá sí ilé Dele Giwa ní Ìkẹjà. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ìwé ìròyìn Newswatch sílẹ̀, òun sì ni olóòtú àgbà rẹ̀. Nígbà tí ó ṣí ẹrù náà, bọ́ǹbù dún, ó sì pa á. Títí di òní, ilé ẹjọ́ kankan kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó gbìyànjú. Agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi gbé ọ̀ràn náà dé Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ, ilé ẹjọ́ náà sì gbà ní ọdún 1987 pé ọmọ ìlú lásán ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ kí a pe ẹjọ́ nítorí ọmọnìkejì rẹ̀ tí wọ́n pa. Síbẹ̀, ẹjọ́ náà kò dé ibi kankan. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa jókòó lẹ́yìn tí àwọn ológun lọ, àwọn olórí ìjọba ológun àtijọ́ mẹ́ta tí wọ́n pè kọ̀ láti yọjú. Ní oṣù Kejì, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá pàṣẹ kí ìjọba wádìí ikú Dele Giwa àti ti àwọn akọ̀ròyìn mìíràn, kí ó sì gbé àwọn apànìyàn wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Àṣẹ ilé ẹjọ́ wà nílẹ̀. Ta ni ó kù tí ó yẹ kí ó tún pàṣẹ?

OHUN TÍ Ó KAN ẸGBẸ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti rorò jù nìyí, kò sì yẹ kí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ fò ó. Nígbà tí akọ̀ròyìn bá tú àṣírí gómìnà tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ kejì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a jó, wọ́n a yọ̀, wọ́n a ra ìwé ìròyìn náà fún ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n bí akọ̀ròyìn yìí kan náà bá kọ̀wé pé alága káńsù tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ tiwọn gba owó ọ̀nà tí kò là, tàbí pé ilé ìwòsàn tí ó wà nínú ìwé kò sí lórí ilẹ̀, ohùn a yí padà. Wọ́n a ní ọ̀tá ni, wọ́n a ní wọ́n ti fowó rà á. Àwọn ọ̀dọ́ kan a sì ní àwọn mọ ilé rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìpànìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ ní Sapouy, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà. Inú ìpàdé wọ́ọ̀dù ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹnìkan sọ pé a mọ ilé rẹ̀, tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì rẹ́rìn-ín. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. François Compaoré àti àwọn ọmọ ogun ẹ̀ṣọ́ náà ní ẹgbẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ìjọba wọn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ka ara wọn sí ènìyàn rere. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé wọ́n dákẹ́ lọ.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí a gba òun gbọ́ gbọ́dọ̀ kọ ìlérí rẹ̀ sílẹ̀ kí ìdìbò tó dé, kí ìlú lè fi bá a wí lẹ́yìn rẹ̀. Èkíní, kí ó tún abala 174 àti 211 inú ìwé òfin 1999 ṣe, àwọn tí ó fún amòfin àgbà ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ní agbára láti dá ẹjọ́ ọ̀daràn dúró nígbàkigbà, kí agbára náà má ṣe wà lọ́wọ́ ẹni tí gómìnà tàbí ààrẹ yàn, pàápàá nínú ọ̀ràn ìpànìyàn. Èkejì, kí ó jẹ́ òfin pé ọmọ ogun tàbí ọlọ́pàá tí a bá fura sí pé ó pa ọmọ ìlú kò ní bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ fún ìwádìí. Ẹ̀kẹta, kí ó mú àṣẹ ọdún 2024 nípa Dele Giwa ṣẹ, kí ó sì gbé ohun tí ìwádìí bá rí sí gbangba. Ẹ̀kẹrin, kí ó yọ ẹnikẹ́ni tí ó bá halẹ̀ mọ́ akọ̀ròyìn kúrò nínú àwọn tí yóò dupò lórúkọ ẹgbẹ́, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó ń ná owó jù nínú ẹgbẹ́.

Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó wúwo jù, nítorí pé kò dúró de ìjọba. Ìpàdé tí ó ń bọ̀ ni a ti lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá gbọ́ tí a ń halẹ̀ mọ́ akọ̀ròyìn, kí ó dìde dúró kí ó sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Bí wọ́n bá kígbe lé e lórí, kí ó tún un sọ. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kò lè tán léèékánná.

Àwọn tí ó sun ọkọ̀ ní Sapouy rò pé iná yóò jó ọ̀rọ̀ mọ́ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kò jó. Ó rìn dé Arusha, ó dé Paris, ó dé Strasbourg, ó sì tún padà dé Ouagadougou, ó ń béèrè ohun tí Zongo ń béèrè nígbà tí ó wà láàyè: ta ni ó pàṣẹ? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ti Sapouy ti lọ ju ogún ọdún lọ. Irọ́ ti Ìkẹjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìlọ́po méjì rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ yan ibi tí yóò dúró sí lọ́jọ́ tí òtítọ́ bá dé, nítorí pé ní ọjọ́ náà, a kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kí ni ó mọ̀. A óò béèrè pé, nígbà tí ó mọ̀, kí ni ó ṣe?